Ààlè Tí Mo Pa Sí Ọgbà Ẹ̀fọ́ Àwọn Ọmọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́. Mi ò rí i gbé mì, mi ò sì rí i tu dànù.

Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ìyá arúgbó kan ń kú lọ lábẹ́ orúkọ burúkú tó yẹ kó jẹ́ tèmi. Ọmọbìnrin kan sì wà tó ń retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí èmi fi sí i lára. Bí mo bá tú ọ̀kan sílẹ̀, àfi bíi pé mo ń so èkejì mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo há sí.

Ẹ ó rí i pé inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Èmi kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka ti àwọn ẹlòmíràn ná, kí n tó ka tèmi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi tiwọn bo tèmi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe rí kí n tó ṣubú lójú rẹ̀ ni.

Ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé girama kan ní ìlú kékeré lójú ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́. Kò sí ọkọ́ níbẹ̀, kò sí àdá. Ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú.

Lẹ́yìn àwọn kíláàsì, ààtàn kan wà tí wọ́n ti ń da pàǹtí sí láti ayé àwọn míṣọ̀n. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀ bí èlùbọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ mú ọkọ́ wá láti ilé, wọ́n mú un wá. Àwọn kan mú irúgbìn wá nínú ọ̀rá tí ìyá wọn dì fún wọn: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, tòmátì. A ṣa àfọ́kù ìgò àti páànù kúrò. A kọ bẹ́ẹ̀dì, a ta okùn sí i kó lè gún.

Mi ò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bí ṣọkọ ṣe yọrí báyìí, kí aago tó lù ni àwọn ọmọ ti ń sáré lọ wò ó. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Títílọlá, Títí ni gbogbo wa ń pè é. Á dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, á kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tẹ̀tẹ̀ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á dá a lóhùn: "Wọ́n ní kí o lọ wẹ̀ ná!"

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ò sí nílé-ìwé. Kànga Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ni a ń pọn. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ opó tí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kan ọgbà wa, Èkó ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tí èmi náà ń lọ. Kànga rẹ̀ kì í gbẹ. Àwọn ọmọ ń pọn ọ́n lọ pọn ọ́n bọ̀, wọ́n tún ń gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ rẹ̀ wá ṣe ajílẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn. Èmi ò rántí rẹ̀ nígbà tó yẹ kí n rántí.

Ẹ̀sùn mi rè é. Ọ̀gá ilé-ìwé ń rán ìyàwó rẹ̀ wá já ẹ̀fọ́, kò bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn olùkọ́ tí ọwọ́ wọn ò kan ọkọ́ rí ń ká ọ̀rá sápò wá síbi iṣẹ́ tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì. Àwọn òbí kan lọ sọ láàfin pé mo ń fi ọmọ wọn roko ara mi. Nílé ọ̀kan nínú wọn, ọbẹ̀ ṣọkọ wa ni wọ́n fi gbà mí lálejò. Lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀, a ó bá ibi tí olè ti rẹ́ ẹ̀fọ́ lọ, ọ̀bẹ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹnu ewúrẹ́.

Ewúrẹ́ náà ò sì jẹ́ kó tán síbẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ Ìyá Àbẹ̀kẹ́ wọlé lọ́sàn-án gangan, wọ́n jẹ bẹ́ẹ̀dì Títí dé gbòǹgbò. Ọmọ náà sunkún títí ó fi ń ṣe òsúkè.

Mo fẹjọ́ sun ọ̀gá, ó ní kí n ní sùúrù. Mo fẹjọ́ sun àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n pe èmi àti Ìyá Àbẹ̀kẹ́ jókòó lẹ́yìn ìsìn. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ ewúrẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá wò mí, ó ní:

"Tíṣà, ewúrẹ́ mi ò lọ súkúù. Kò mọ ẹ̀fọ́ ìjọba yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́ èèyàn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gún mi. Mo dìde, mo ní màá pe àwọn tó máa kó gbogbo ewúrẹ́ náà lọ. Ó ní, "Kó wọn, kí o sì rí i." Ẹnu lásán ni. Ẹni tó ní ẹnu mímú ni, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn pa mọ́ fún mi. Mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá lè má fojú rí ààlè rí. Ààlè ni àmì tí olóko máa ń gbé kọ́ sára igi eléso tàbí ebè iṣu rẹ̀ kí olè lè mọ̀ pé nǹkan náà ní ẹni tó ni ín. Òmíràn ò ju ìkìlọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn gbà pé òmíràn ń mú èèyàn, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan náà á dùbúlẹ̀ àìsàn, àti pé ẹni tó pa ààlè nìkan ló lè tú u. Wọ́n tún gbà pé bí wọ́n bá gún ẹni tí ààlè mú lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó tú u, abẹ́rẹ́ náà ló máa pa á. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Mo ti dúró níwájú kíláàsì sọ fún àwọn ọmọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Mo ti fi Ìwé Mímọ́ sọ ọ́, mo ti fi sáyẹ́ǹsì sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti ṣófo, mo bá bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tí wọ́n ti rẹ́ nílẹ̀. Mo jókòó sórí garawa tí mo dojú rẹ̀ dé, mo sunkún ìbínú. Lẹ́yìn náà ni mo dìde. Mo mú ìkarahun ìgbín kan nínú ààtàn, mo mú ṣúkù àgbàdo àti àgékù ìgbálẹ̀. Gèlè pupa mi kan ti gbó nínú báàgì mi, òun ni mo fi ń nu ọwọ́. Mo fà á ya, mo fi di gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo ta kókó lé kókó. Mo gbé e kọ́ sórí igi ní ẹnu ọ̀nà ọgbà.

Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Mi ò pe ọfọ̀, mi ò mọ ọfọ̀ kankan. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń lọ sílé. Mo ní ohun tí ẹjọ́ ò ṣe, ẹ̀rù á ṣe é.

Ohun tí mi ò rò ni pé àwọn ọmọ mi náà ní ẹ̀rù nínú ara.

Títí wá bomi rin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Kò wá jalè o. Ọ̀nà kànga ló gbà wọlé, kò gba ẹnu ọ̀nà. Ó bomi rin ín tán, ó já tòmátì tó pọ́n, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ìgbà tó ń jáde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó wà lórí igi. Àwọn tó wà nítòsí ní ó kígbe, ó ju garawa sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó sá lọ sílé pẹ̀lú tòmátì lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, títí dòní, bí garawa bá bọ́ lórí sìmẹ́ńtì níbikíbi, àyà mi á já.

Kò pẹ́ tí ara ọmọ náà gbóná. Ó ń bì, orí ń fọ́ ọ. Nígbà tó yá, ọrùn rẹ̀ gan. Àkókò ooru ni, àrùn ọrùn gígan yẹn sì máa ń jà lákòókò ooru. Mo ti kà nípa rẹ̀. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ló ń wò ó, àti pé wàrà-wàrà ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ìròyìn dé etí mi lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sáré lọ sílé wọn. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Òmù-Àrán. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan èèyàn, ó ń kọrin nínú kúáyà. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Tíṣà, ẹ má jẹ́ ká jiyàn. Bí a bá gún un lábẹ́rẹ́ báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi bá irú rẹ̀ lọ. Ẹ bá wa wá ẹni tó pa á. Ẹ̀yin lẹ ni ọgbà, ẹ̀yin lẹ lè mọ̀ ọ́n."

Orí àga wọn ni mo jókòó sí. Èmi ni wọ́n ń wá. Omi tí wọ́n bù fún mi wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò sọ̀rọ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Mo ti bi ara mi. Ní ìgbà yẹn, mo ní bí mo bá jẹ́wọ́, mo ti gbà nìyẹn pé ààlè ń ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ á sì di irọ́. Ẹ wo èrò ọ̀mọ̀wé! Ọmọ ń kú lọ, mo ń dáàbò bo kókó ẹ̀kọ́. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọ́n á lé mi kúrò níṣẹ́. Èyí tó burú jù ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí: inú ń bí mi sí ìlú náà débi pé apá kan nínú mi ní kí wọ́n bẹ̀rù díẹ̀ sí i. Mo rò pé wọ́n á wá ẹni náà tì, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ síbi tí mo ní kí wọ́n gbé e lọ.

Wọn ò gbé e lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a tò lójú pápá, ìyá Títí wọlé wá. Kò wọ bàtà. Ó tú gèlè rẹ̀ so mọ́ ìdí. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa, ọmọ àti olùkọ́, ó ń yí kiri lórí eékún rẹ̀ kó lè dojú kọ gbogbo èèyàn.

"Ẹni tó pa ààlè yìí, mo bẹ̀ ọ́, ọmọdé ni. Tòmátì ló jẹ. Màá gbin tòmátì fún ọ títí tí màá fi kú. Ẹ bá mi tú u."

Mo la ẹnu. Ọlọ́run mi rí mi, mo la ẹnu. Ọ̀gá wá ní bí òun bá rí olùkọ́ tó ṣe irú ìwà kèfèrí yìí, ọlọ́pàá lòun máa fà á fún. Mo pa ẹnu dé.

Ìgbà náà ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà kànga wọlé. Ó ṣì ń fi etí ìró nu ọwọ́, bí ẹni pé ìdí àdògán ló ti dìde. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ń wá olóhun? Èmi ni mo pa á. Ẹ kúrò lọ́nà."

Ó rìn tààrà lọ síbi igi, àwa ń tẹ̀lé e lókèèrè. Ó já ààlè náà sílẹ̀, ó yí i wò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo ojú mi. Kò wo ẹlòmíràn. Mo ti rí ojú tó ń bínú rí, mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ojú ìbínú. Ó ń dúró dè mí ni.

Ó dúró dè mí, mi ò lọ.

Ó fi ààlè náà sábẹ́ ìró, ó kọjú sí ìyá Títí. "Mo ti tú u. Ẹ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ má dúró bú mi. Bí ẹ bá dé, ẹ wá bú mi."

Wọ́n gbé Títí sórí ọ̀kadà, ìyá rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn, ó di Òmù-Àrán. Kò kú. Dókítà ní díẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì ti lọ, ọ̀tún nìkan ló fi ń gbọ́ràn. Dókítà ní ká ní wọ́n ti tètè gbé e wá ni, bóyá etí náà ìbá má lọ. Mo mọ ìgbà tí etí yẹn lọ. Mo wà nílé wọn, mo di ife omi mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ó kù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Àwọn àgbà ìjọ pe Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lẹ́jọ́. Olórí ẹgbẹ́ àdúrà pa ààlè, ó mú ọmọ ọlọ́mọ! Wọ́n bi í, kò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní, "Mo ti ní èmi ni." Wọ́n wá pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní ṣé ìjà wà láàárín wa nítorí ọgbà. Mo ní ó wà. Wọ́n ní ṣé ó halẹ̀ mọ́ mi. Mo sọ fún wọn pé ó ní, "Kó wọn, kí o sì rí i."

Òtítọ́ ni mo sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ló pé pérépéré bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo fi òtítọ́ pa irọ́. Irú èyí ni mo kàwé fún.

Wọ́n gba ipò rẹ̀. Wọ́n ní kó máa jókòó sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó pọn omi nínú kànga rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn sápá kejì bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ó ta àwọn ewúrẹ́ náà, mi ò mọ ẹni tó rà wọ́n. Ọgbà wa ò rí omi mọ́. Ilá gan, tẹ̀tẹ̀ rọ, ilẹ̀ dúdú yẹn padà sí ààtàn. Èmi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé mìíràn, wọ́n gbé mi lọ sí Òmù-Àrán. Wọ́n ṣe ìdágbére fún mi, wọ́n yìn mí. Wọ́n ní mo fẹ́ràn ọmọ.

Mi ò jẹ ṣọkọ mọ́ láti ìgbà yẹn. Ọkọ mi rò pé kò bá mi lára mu.

Ohun tó tú mi fó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Títí wá láti Èkó, níbi tó ń gbé báyìí, wá ṣe òkú bàbá rẹ̀ àgbà. Ó yà kí mi ní Òmù-Àrán. Ó ti di ìyàwó ilé, ikùn rẹ̀ ti yọ dáadáa. Ó jókòó sápá òsì mi kí etí rẹ̀ ọ̀tún lè kọjú sí mi. Ó mú bísíkíìtì wá fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Bàbá mi ò dẹ́kun àtimáa sọ ọ́."

Mo ní kó má dúpẹ́. Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ó wá ní ìyá òun kìlọ̀ fún òun kóun má gba ojú ilé Ìyá Àbẹ̀kẹ́ kọjá pẹ̀lú oyún. Ó ní òun yí gba ọ̀nà odò, nínú oòrùn, pẹ̀lú ikùn yẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo mọ̀ pé wọ́n ti tú u, Àǹtí. Ìyẹn ni mo fi ń sùn. Ẹni tó pa á ló tú u."

Nígbà tó lọ tán, mo wọ ọkọ̀.

Mo lọ sílé Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Koríko ti bo ẹnu kànga, páànù tí wọ́n fi dé e ti dógùn-ún. Ẹsẹ̀ Ìyá ti wú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wá tọ́jú rẹ̀ ló gbé àga fún mi. Ìyá ní kó lọ wò bóyá iná ti kú lábẹ́ ìkòkò. Ó kọjú sí mi.

"Tíṣà. O pẹ́ o."

Mo dojú bolẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń wa ẹkún mu. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ẹ̀yìn rẹ gan-an ni mo máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gèlè pupa yẹn kì í jẹ́ kí n rí pásítọ̀. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án lórí igi báyìí, mo ní, háà, gèlè Tíṣà."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní bí òun bá pè mí lẹ́jọ́, màá jiyàn, àwọn èèyàn á máa dá sí i, ọmọ náà á sì kú sórí iyàn. "Mo mọ̀ ọ́, o mọ ẹjọ́ rò. Mo ní kí n gbà á ná. Mo rò pé o máa wá lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì yẹn gùn díẹ̀."

Ó ní kí n fa àpótí abẹ́ ibùsùn òun jáde. Lábẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀, nínú ọ̀rá, ni ààlè mi wà. Ìkarahun, ṣúkù, ìgbálẹ̀. Gèlè náà ti ṣá, ṣùgbọ́n kókó tí mo ta wà bó ṣe wà.

"Mo já a lórí igi. Mo ní mo ti tú u. Mi ò tú u. Kì í ṣe tèmi."

Mo ní, "Màmá, màá sọ fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí i pé ó mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò fẹ́ orúkọ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ní Títí lóyún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ní ọjọ́ tí o bá sọ ọ́, ọjọ́ yẹn ló máa gbọ́ pé ẹni tó tú u kọ́ ló ni ín. Pé ó wà lára òun láti ọjọ́ yìí wá. Ṣé o fẹ́ kó gbé ìyẹn lọ síbi ìkúnlẹ̀?"

Mo ní ká dúró kó bímọ tán. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ojú ọwọ́ náà jìn, kò tètè kún.

"Èyí ò ní dúró, Tíṣà. Ìwọ lo kàwé. Rò ó."

Òun ni mo ń rò látìgbà náà. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ á gbọ́ orúkọ rere rẹ̀ kó tó lọ, àwọn tó lé e sẹ́yìn á wá bẹ̀ ẹ́ ní ojú ayé rẹ̀. Mo fẹ́ rí wọn lórí eékún wọn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè ṣe Títí ní ohun tí ààlè ò lè ṣe. Mo ti rí ohun tí ẹ̀rù ń ṣe. Bí mo bá dúró, Títí á bímọ láyọ̀, wọ́n á sì sin Ìyá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mú ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ti ronú pé kí n pe Títí wá nìkan, kí n jẹ́wọ́ fún un, kí n sì tú ààlè náà lójú rẹ̀, kí n jẹ́ kó wo inú rẹ̀ pé òfìfo ni. Bóyá ojú rẹ̀ á gbà á gbọ́. Bóyá kò ní gbà á. Ta ni èmi tí màá tún fi í dán nǹkan wò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé oyún rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ tú sílẹ̀? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà nìkan, mo ti gbàdúrà. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tètè fèsì, ẹsẹ̀ Ìyá ń wú sí i.

Ààlè tí Ìyá dá padà fún mi wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń kọ èyí. Ọwọ́ mi ló di í. Mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé ọwọ́ lọ síbi kókó náà kí n kàn tú u fún ara mi, kí n sì rí i pé kò sí nǹkan.

Ọwọ́ mi ò débẹ̀.